Òòlù Taylor tàbí Queen Square: èwo ló tó náwó sí?

Òòlù méjèèjì yìí ni oníṣègùn fi ń gbá iṣan aláìsàn, láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ tàbí apá á fò. Taylor, olórí rọ́bà onígun mẹ́ta, wọ́pọ̀ lórí àtẹ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìṣègùn n'Ílọrin. Ó fúyẹ́, ó wọ àpò, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Fún iṣan orúnkún (ibi tí wọ́n ń pè ní L3, L4 nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń darí rẹ̀), ó tó. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ (S1) ló ń dójú tì í: nítorí pé kò wúwo, èèyàn á máa fi agbára gbá a, ara aláìsàn á le, ẹsẹ̀ ò ní fò. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa kọ 0 (iṣan ò dáhùn rárá) fún ẹni tí 2+ (iṣan dáhùn bó ṣe yẹ) tọ́ sí.

Ọwọ́ Queen Square gùn, orí rẹ̀ rí roboto. Ẹ di ìdí ọwọ́ náà mú, kí ẹ jẹ́ kí orí já bọ́ fúnra rẹ̀. Bí iṣan bá ṣì dákẹ́, ẹ ní kí aláìsàn fi ìka ọwọ́ kan kọ́ ti èkejì, kó máa fà á gidi, kí ẹ sì gbá iṣan náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ tẹ rọ́bà wò kí ẹ tó sanwó; ọyẹ́ máa ń mú un gan, á sì máa ta aláìsàn lára. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọwọ́ òòlù míì, tí wọ́n fi ń gún awọ ara wò bóyá aláìsàn mọ̀ ọ́n lára, ńkọ́? Ẹ jù ú nù, ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé pín. Igi ìtayín kan fún aláìsàn kan ti tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè ra Taylor. Ilé ìwòsàn tó ń rí alárùn ìtọ̀ ṣúgà, tó gbọ́dọ̀ máa yẹ iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn wò, ì báà jẹ́ l'Ọ́fà, Queen Square ni kó rà.