Sẹ́ńsọ̀ CO2: èwo ni ti afẹ́fẹ́, èwo ni ti omi?

Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ àtàwọn tó ń pa ẹyin n'Ìbàdàn máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ CO2 wo ló dáa jù?" CO2 ni gáàsì tí à ń mí síta, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n. Èsì mi kì í yí padà: ṣé inú afẹ́fẹ́ lẹ ti fẹ́ wọ̀n ọ́n ni, àbí inú omi? Ẹni tí kò bá tíì dáhùn ìyẹn, kó má tíì kówó dání lọ sí Dùgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Oríṣi méjì tó jọra lójú ló wà lórí igbá. Èyí tó dínwó kì í wọn CO2 rárá. Àwọn gáàsì mìíràn ló ń gbóòórùn, á wá fojú bu iye CO2. Wọ́n sábà máa ń kọ "eCO2" sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́tà "e" yẹn ni kí ẹ máa wá. Mo ra ọ̀kan rí. Mo gbé e sórí tábìlì, mo rẹ òwú sínú spírítì, mo fi sún mọ́ ọn. Kí n tó ka ogún, nọ́ńbà ti kúrò ní 400 ppm (ìyẹn ìdá 400 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́), ó ti kọjá 5,000. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mí sí i, kò síná tó jó nítòsí.

Èkejì ni NDIR. Iná infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, wà ní ìpẹ̀kun kan, ojú tó ń wò ó wà ní ìkejì. CO2 máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ infrared tí ìgbì rẹ̀ gùn tó máíkírómítà 4.26 mì, nítorí náà bí CO2 bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó dé òdìkejì ṣe ń dín kù tó. MH-Z19 àti SCD30 wà nínú ìdílé yìí. SCD40 náà ń lo infrared, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ ni: CO2 tó gba ìmọ́lẹ̀ sára á gbóná, á wú, gbohùngbohùn kékeré inú rẹ̀ á gbọ́ ìró náà. Ó dáa fún ọ́fíìsì.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ NDIR ló ń tún ara wọn ṣe: iye tó kéré jù tí wọ́n rí láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń kà sí afẹ́fẹ́ ìta, ìyẹn nǹkan bí 400 ppm. Ní kíláàsì kan ní Bódìjà tí wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀, kò burú. Nínú ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin adìyẹ fún ọjọ́ 21, tí ẹyin ń mí tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, díẹ̀díẹ̀ ló máa sọ 2,000 di 400 lójú yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá èèyàn lè pa àtúnṣe náà.

Ó di omi. NDIR lásán kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Kódà bí ìrì bá sẹ̀ sójú rẹ̀, irọ́ ló máa pa. Ọ̀pá Severinghaus ti wà láti ọdún 1958: CO2 á gba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wọlé, á yí pH omi inú rẹ̀, ìyẹn bó ṣe kan tó, padà. Irú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn fi ń yẹ gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ó péye, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ẹ ó sì máa pààrọ̀ awọ àti omi inú rẹ̀. NDIR tó ní awọ lójú kò nílò àbójútó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga, yíyọ̀ inú omi ẹja sì máa ń bo awọ náà, ẹ gbọ́dọ̀ máa nù ún. Ẹni tí omi rẹ̀ ń yípo, tí ẹja sì fún mọ́ra, ni mo máa ní kó rà á, torí irú oko ẹja bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí CO2 kọjá 15 sí 20 mg/L.

Ẹni tó ní tánkì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ra fenofutalín, aró tó ń pọ́n bí CO2 bá tán nínú omi, àti omi sodium hydroxide tí wọ́n ti wọ̀n. Ẹ kán fenofutalín díẹ̀ sínú omi ẹja, kí ẹ wá máa kán sodium hydroxide sí i títí tí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́; iye tó wọlé ló ń sọ bí CO2 ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀gbẹ́ tánkì ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ẹ bá gbé omi náà dé Mọ́níyà, CO2 rẹ̀ á ti sá lọ bíi ti mínírà tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ rà? Ẹ mú òwú àti spírítì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mí sí i, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà gòkè. Ẹ jẹ́ kó padà sílẹ̀, kí ẹ wá fi òwú sún mọ́ ọn. Bó bá tún fò sókè, ẹ dá a padà sórí igbá.