Tábà Ìkòkò Àtijọ́: Agolo Tó Dé Pinpin àti Èyí Tó Ti Gbẹ Táútáú, Èwo Ló Tó Owó Tí Wọ́n Ń Pè É?

Ẹni tó bá fẹ́ ra agolo tábà ìkòkò tó ti lo ogún tàbí ogójì ọdún, ìdérí agolo ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó wo ọdún ara rẹ̀. Inú agolo tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ ni tábà ti ń gbó. Ewé náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin díẹ̀ kí ṣúgà inú rẹ̀ tó lè máa yí padà, kí èéfín rẹ̀ sì máa rọ̀ lẹ́nu. Ọjọ́ tí agolo bá ti jò, tí ewé sì gbẹ, gbígbó dúró nìyẹn. Agolo ọdún 1975 tó jò ní 1980 gbó fún ọdún márùn-ún péré. Ní gbogbo ọdún tó kù, òórùn rẹ̀ ló ń sọnù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ogójì ọdún lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Agolo sí agolo

Agolo róbótó àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí abẹ kékeré wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ tí wọ́n ń yí kó lè gé irin orí agolo, la fọkàn tán jù. Irin ni wọ́n fi dí i pa. Agolo róbótó tí wọ́n ń fi kọ́ìnì ṣí ló tẹ̀ lé e: afẹ́fẹ́ tí wọ́n fà jáde nínú rẹ̀ ló mú kí ìdérí di mọ́ ọn, àmọ́ rọ́bà etí ìdérí náà lè le kó sì là bí ọdún ti ń gorí ọdún. Agolo onígun mẹ́rin, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Samuel Gawith ti Kendal ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ló máa ń jò jù. Ní ti agolo pẹlẹbẹ tábà Prince Albert tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tì bọ àpò, kò fìgbà kan dé pinpin rí. Ẹni tó rà á, ohun ọ̀ṣọ́ ló rà.

Bí ẹ bá lè fọwọ́ kàn án, ẹ mì í létí. Tábà tó ṣì tutù máa dún gbì. Èyí tó ti gbẹ máa dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí máa ń tan ni jẹ bí agolo bá kún dẹ́nu, torí ohun inú rẹ̀ kò ní ráyè mì. Òṣùwọ̀n ló dájú jù. Ẹ ní kí olùtajà wọn agolo náà pẹ̀lú ohun inú rẹ̀, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n agolo òfìfo irú kan náà kúrò. Tábà 50 gíráàmù tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 15% nígbà tí wọ́n dí i máa ku nǹkan bíi 46 gíráàmù bó bá gbẹ débi 8%. Bó bá ti dín ju gíráàmù méjì lọ, iye èyí tó ti jò ni kí ẹ dá lé e.

Ìpẹtà orí irin lásán kò burú. Ihò bíńtín tó dúdú ló burú, pàápàá létí ìdérí, torí ọ̀rinrin ewé máa ń jẹ irin láti inú wá. Agolo tó wú díẹ̀ kò tíì bàjẹ́: tábà lè tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bó ti ń gbó, wíwú náà sì ń jẹ́rìí pé kò jò.

Ní ti ọdún, agolo tó bá ní báákóòdù lára kò lè dàgbà ju 1974 lọ, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ fi báákóòdù ta ọjà. Orúkọ Murray ti Belfast, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tábà Dunhill nígbà kan, lára agolo Dunhill fi hàn pé láti 1981 wá ni wọ́n ṣe é. Àwọn agolo Dunhill tí wọ́n ṣe ní Denmark dé lẹ́yìn ìyẹn. Ní 2018 ni orúkọ Dunhill kúrò lórí tábà ìkòkò, orúkọ Peterson ló wà lónìí lára agolo Nightcap, ọ̀kan lára àwọn tábà Dunhill tẹ́lẹ̀. Ẹ má san owó Murray fún agolo Denmark. McClelland ti Kansas City pa ilé iṣẹ́ dé ní 2018, ìdí nìyẹn tí owó tiwọn fi ga. Ọdún sì wà lára agolo tábà Christmas Cheer wọn gbangba.

Ewé sí ewé

Nínú àwọn irú ewé tábà, Virginia ló ń fara da gbígbẹ jù. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀, adùn rẹ̀ sì wà nínú ewé fúnra rẹ̀. Tábà Virginia bíi Capstan tàbí Full Virginia Flake tó gbẹ máa pàdánù òórùn dídùn tí ń kọ́kọ́ jáde nígbà tí wọ́n bá ṣí agolo, ṣùgbọ́n ó ṣì máa dùn lẹ́nu bí wọ́n bá dá ọ̀rinrin rẹ̀ padà. Ìdajì owó èyí tó dé pinpin la lè san fún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Virginia tí wọ́n pò mọ́ Perique sún mọ́ ọn gan-an. Inú àgbá ni wọ́n ti ń tẹ Perique mọ́lẹ̀ títí tó fi kan, ní St. James Parish ní Louisiana, adùn kíkan yẹn kì í sì í tètè lọ. Ibí yìí ni tábà Three Nuns àtijọ́ ti níye lórí. Perique wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí nínú èyí tí wọ́n wá ń ṣe lẹ́yìn náà. Nítorí náà, èyí tó gbẹ pàápàá ní ohun tí ilé ìtajà kò lè fún yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ Latakia yàtọ̀. Èéfín igi ni wọ́n fi ń yan án, ní Síríà tẹ́lẹ̀, ní Cyprus báyìí. Òórùn èéfín náà ń rọlẹ̀ àní nínú agolo tó dé pinpin. Bí agolo bá wá jò, díẹ̀ ló ń kù. Balkan Sobranie, tábà olókìkí tó ní Latakia, bó bá ti gbẹ, orúkọ rẹ̀ lẹ ń sanwó fún. Ìdá kan nínú mẹ́rin ti tó.

Burley kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, torí ṣúgà rẹ̀ kéré. Ẹ má san ju owó tuntun lọ. Tábà tí wọ́n fi fàníílà tàbí èso sí, tó sì ti gbẹ, ẹ má rà á rárá. Ohun tí wọ́n fi sí i ti fò lọ.

Bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rinrin padà

Tábà gbígbẹ máa ń jó kíákíá, ooru rẹ̀ a sì máa ta ahọ́n. Èyí tó wà ní nǹkan bíi 13% ló dára fún mímu. Fún gíráàmù 46 tí a sọ lókè, gíráàmù mẹ́ta omi péré ló kù láti dá padà sínú rẹ̀. Ẹ tú tábà sínú abọ́ fífẹ̀ láìfọ́ ọ, torí ewé gbígbẹ máa ń di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi dístíìlì, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi bo ẹnu abọ́ láìjẹ́ kó kan ewé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ rú u, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ní gíráàmù 49, ẹ kó o sínú ìgò onídèérí líle fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí omi tó dé àárín ewé. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ dún, ó sì gbọdọ̀ là padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má fọ́n omi sí i tààrà: ara rẹ̀ a tutù, inú rẹ̀ a gbẹ, yóò sì bu. Ẹ má sì fi ápù tàbí búrẹ́dì sínú ìgò, torí àwọn gan-an ló ń kọ́kọ́ bu.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ewé náà. Funfun tó ń dán bí wọ́n bá yí i sí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí Virginia máa ń hù jáde fúnra rẹ̀, kò léwu. Funfun tàbí àwọ̀ ewé tó dà bí irun, tó sì ń rùn bíi yàrá tí omi ti jò sí, bíbu ni. Ibi kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti tó láti da gbogbo agolo nù, kí ẹ sì béèrè owó yín padà.