Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú géèjì ooru èéfín lórí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì onítọ́bò

Ọkọ̀ dísẹ̀lì onítọ́bò ni mò ń wà (tọ́bò ni abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ sí i wọ ẹ́ńjìnnì), ẹrù tó wúwo ni mo sì sábà máa ń fi í fà. Kí n tó ra géèjì yìí, géèjì omi nìkan ni mo gbójú lé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró sáàárín, ọkàn mi balẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Omi máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n èéfín tó ń jáde látinú sìlíńdà lè fi 200°C lékè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Kí omi tó gbọ́, ẹ̀pa lè má bóró mọ́ fún písítìnì.

Ẹni tó ń wa bẹtiróòlù lè má tètè gba ọ̀rọ̀ yìí: nínú dísẹ̀lì, bí epo bá ń pọ̀ sí i tí afẹ́fẹ́ ò bá a dọ́gba, ńṣe ni èéfín á máa gbóná sí i. Ní ti bẹtiróòlù, àfikún epo ló máa ń tù ú lára nígbà iṣẹ́ agbára.

Ọ̀pá tínrín kan tó wà nínú páálí náà ni ẹ̀mí gbogbo iṣẹ́ yìí. Oríṣi irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀, ooru á mú iná mànàmáná tín-ín-rín jáde lára wọn, géèjì á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Thomas Seebeck, ló kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1821. Ìwé tó bá a wá ní a lè fi ọ̀pá náà síwájú tọ́bò tàbí sẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ni mo yàn. Tọ́bò máa ń gba agbára lára èéfín, nítorí náà nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lè fi 100°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré, àlàfo náà kì í sì dúró sójú kan.

Mẹkáníìkì fẹ́ lu ihò ọ̀pá náà sára mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín láti sìlíńdà lọ sí tọ́bò, láìyọ ọ́. Mo ní rárá. Bí ẹ̀kù irin bá wọ inú tọ́bò tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ níṣẹ́jú kan, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. A yọ ọ́, ó sì gba odindi ọjọ́ kan. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Òkè kan ló kọ́kọ́ là mí lójú. Mo wà ní gíà 5, mo tẹ iná mọ́lẹ̀: 590, 640, 690. Géèjì omi ò mira. Mo já a sí gíà 3, ẹ́ńjìnnì ké sókè, afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, nọ́ńbà sì já sí 580 kí n tó mí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Àlúmíníọ̀mù, tí wọ́n fi ṣe písítìnì, máa ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C. Ohun tó ń gba písítìnì là ni pé iná kì í dúró tì í, ọ́ìlì sì ń tù ú lábẹ́. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kó pẹ́ lókè 680.

Ní oṣù karùn-ún, lórí òkè yìí kan náà, pẹ̀lú irú ẹrù kan náà, nọ́ńbà fi 60 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iná ìkìlọ̀ kankan ò tàn. Mo fi ìka tọ hóòsì tó gba afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì títí dé ẹ̀yìn kílíìpù, ọ́ìlì sì yí mi lọ́wọ́. Ó ti là níbẹ̀, ìgbà tí afẹ́fẹ́ tọ́bò bá ń tì í láti inú nìkan ló ń ṣí. Mo pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà sì padà sípò. Fún èyí nìkan, géèjì yìí ti san owó ara rẹ̀.

Àwọn ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn wà. Iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù lóru, kò sì ṣeé dín kù. Wáyà rẹ̀ kúrú, a ò sì gbọdọ̀ fi wáyà kọ́pà lásán gùn ún, torí nọ́ńbà á máa purọ́. 760 ni wọ́n ṣètò agogo ìkìlọ̀ sí. Ó ga jù fún mi, èmi ló fà á wálẹ̀.

Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì báyìí, mo máa ń dúró kó wọ abẹ́ 200, kí ọ́ìlì inú tọ́bò má baà jó di èédú mọ́ bíárìn. Lánàá, lẹ́yìn òkè yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà. Mo jókòó tì í, mò ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.