EliteBook 840 G3 àbí G5: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Windows 11 ní Computer Village?

Lórí káńtà ní Otigba, tòkunbọ̀ méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì: àwọ̀ fàdákà kan náà, Windows 11 kan náà lójú wọn. Inú ni wọ́n ti yàtọ̀.

Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i5-6300U ló sábà máa ń wà nínú G3, ìran kẹfà Intel, core (ẹ̀ka ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́) méjì péré. G5 sábà máa ń ní i5-8250U tàbí i5-8350U, ìran kẹjọ, core mẹ́rin. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, ìran kẹjọ ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí Windows 11. Èyí tí ẹ rí lórí G3, ẹnìkan ló fi ọgbọ́n tì í wọlé, bíi ti Rufus, ètò tí wọ́n fi ń ṣe USB tó ń gbé Windows wọlé.

Kò ní ṣàìṣiṣẹ́ o. Bí RAM bá jẹ́ 8GB, tí SSD sì wà níbẹ̀, Word àti Zoom á máa lọ wẹ́rẹ́. Àtúnṣe ààbò oṣooṣù pàápàá ṣì ń wọlé, bí Microsoft kò tilẹ̀ ṣèlérí rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun ọdọọdún ni wàhálà: G5 á gbà á fúnra rẹ̀, G3 kò ní rí i. Ọwọ́ ara yín lẹ ó fi ṣe é. Ẹ wa ISO, fáìlì kan tí odindi Windows wà nínú rẹ̀, jáde láti ọ̀dọ̀ Microsoft (ó ju 5GB lọ, ẹ ra dátà tó tó), ẹ ṣí i, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ bọ́ sórí drive ISO náà, kí ẹ tẹ setup.exe /product server. Yóò kọ "Windows Server" sójú; ẹ má jáyà, Windows 11 yín náà ló ń wọlé. Ẹ ti kó fáìlì yín pamọ́ ṣáájú, ẹ fi àyè 30GB sílẹ̀, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì tòkunbọ̀. Bí NEPA bá mú iná láàárín iṣẹ́, Windows lè má tan mọ́.

Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo èyí, kó fowó kún un, kó ra G5.

Àmọ́ G5 mìíràn wà tó jẹ́ i5-7200U tàbí i5-7300U, ìran keje, ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, G5 ni" kò tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ msinfo32, ẹ ka ìlà Processor: 8 ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé "i5-". Ẹ tún kọ tpm.msc láti wo TPM, ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń bèèrè: Specification Version gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.0. Winver á fi ẹ̀dà hàn yín: bó bá jẹ́ 23H2, àtúnṣe ti dópin fún Home àti Pro láti oṣù Kọkànlá 2025.

Ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní processor Core 2 Duo kò gba àríyànjiyàn. Àṣẹ POPCNT tí ẹ̀dà Windows 11 24H2 ń bèèrè lọ́wọ́ processor kò sí nínú rẹ̀ rárá, kò sì sí ọgbọ́n tó lè fi í síbẹ̀. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni ẹ fi sórí rẹ̀.