Yọ̀rọ̀ nínú ilé: ṣé ká fọ́n oògùn ni, àbí ká gbé ìgbálẹ̀ àti omi gbígbóná?

Ní Kétu, bí ajá bá ti ń họra, oògùn ẹ̀fọn inú agolo ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Ó ń pa yọ̀rọ̀ tó ń fò kiri lóòótọ́, kíá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹyin yọ̀rọ̀ kì í dúró lára ajá, ilẹ̀ àti ẹní ló ń já sí. Ọmọ yọ̀rọ̀ tó bá ti fi òwú wé ara rẹ̀, oògùn kì í sábà ràn án. Ó lè sá pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò, ẹ sá fún permethrin o, èròjà kan tó máa ń wà nínú oògùn kòkòrò, ó lè pa ológbò!

Ìgbálẹ̀ ojoojúmọ́ ló wù mí jù, kí á sì fi omi 60°C fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé. Ó ń sú èèyàn, àmọ́ ẹyin àti ìdin ló ń kó. Ti ara ajá fúnra rẹ̀, dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ bi.