Ìwé Ẹ̀rí Òkúta Iyebíye: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ilé Àyẹ̀wò Tí Mo Lò

Rúbì kan tó pupa, émíráldì kan tó ní àwọ̀ ewé àti ámétísì kan tó jẹ́ elésè àlùkò ni mo kó fún ilé àyẹ̀wò tó ń yẹ òkúta iyebíye wò, kí wọ́n bá mi kọ ìwé ẹ̀rí wọn. Ẹni tó bá ń retí pé iye owó òkúta òun máa wà nínú ìwé náà kò ní rí i níbẹ̀. Mo fara mọ́ èyí pátápátá, torí kò yẹ kí ẹni tó ń yẹ ọjà wò tún jẹ́ ẹni tó ń dá iye lé e. Ohun tí ìwé náà ṣe fún mi ni pé ó tú àwọn ohun tó ń gbé owó òkúta sókè tàbí tó ń já a wálẹ̀ palẹ̀, kí n lè bá ọlọ́jà dúnàá-dúrà, kí n sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti rúbì ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé rẹ̀ ni ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé iná ti kàn án. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń fi ooru tún àwọ̀ rúbì àti sàfáyà ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà lọ́jà ló sì ti rí iná. Ṣùgbọ́n rúbì méjì lè jọra bí ìbejì, kí èyí tí iná kò kàn wọ́n ju èkejì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Sunrise Ruby, tó wá láti Myanmar, tó wọn kárátì 25.59 (kárátì ni wọ́n fi ń sọ bí òkúta iyebíye ṣe wúwo tó), tí iná kò sì kàn rí, ju mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ ni wọ́n tà á ní Geneva lọ́dún 2015. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, rúbì kan wà tí wọ́n fi gíláàsì olójé dí gbogbo ojú ibi tó ti sán. Ó ń dán, ó sì pupa, àmọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán lè ba gíláàsì inú rẹ̀ jẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ká má tíì sọ èyí tí èèyàn ṣe: láti 1902 tí Auguste Verneuil ti gbé ọ̀nà tó fi ń ṣe rúbì nínú iná jáde ni rúbì tí èròjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti inú ilẹ̀ ti ń wọjà. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí èyí nìkan, owó tí mo san lórí rúbì kò dùn mí rárá.

Ibi tí wọn kò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. "Pupa" nìkan ni wọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ló ń kó ipa tó pọ̀ jù nínú owó rúbì: ṣé pupa rẹ̀ jinlẹ̀ ni àbí ó ṣá, ṣé ó fẹ́ fara pẹ́ àwọ̀ ọsàn tàbí elésè àlùkò, ṣé kò dúdú jù débi pé kò ní tàn? Dáyámọ́ńdì ní òṣùwọ̀n àwọ̀ ti GIA, ilé ẹ̀kọ́ àti àyẹ̀wò òkúta iyebíye kan ní Amẹ́ríkà, tó lọ láti D dé Z, àmọ́ kò sí irú òṣùwọ̀n kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí fún òkúta aláwọ̀. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan máa ń kọ "ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé" sórí ìwé rúbì tí pupa rẹ̀ bá dára gan-an, owó á sì gbẹ́nu sókè, ṣùgbọ́n ohun tí ilé kan ń pè bẹ́ẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀ lójú òmíràn. Ẹ gbé òkúta sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ tún gbé e sábẹ́ iná gílóòbù, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Ti gígé náà rí bẹ́ẹ̀. Bí òkúta ṣe rí àti bó ṣe tóbi tó ni wọ́n kọ, wọn kò sọ bóyá wọ́n gé e dáadáa. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta òkúta, nítorí náà àwọn kan máa ń fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ kó wúwo, ẹni tó rà á á wá máa sanwó ohun tí kò hàn lójú. Bí ó bá sì pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ á gba àárín rẹ̀ kọjá dípò kó padà sójú wa. Ẹ gbé e lé orí ìwé tó ní àkọsílẹ̀: bí ẹ bá lè ka lẹ́tà láti àárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jò dànù níbẹ̀ nìyẹn.

Émíráldì mi, "òróró díẹ̀" ni wọ́n kọ sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú émíráldì ló ń sán látinú wá, tí wọ́n sì ń fi òróró dí i. Bí òróró bá ṣe pọ̀ sí ni owó ń já sí. Òróró sì lè gbẹ, wọ́n sì lè tún un fi sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé kí n tó gbà á gbọ́.

Ámétísì kò nílò ìwé. Ó wọ́n gan-an láyé àtijọ́, títí wọ́n fi rí i rẹpẹtẹ ní Bràsíì. Èyí tó tóbi pọ̀ nílẹ̀, nítorí náà iye owó kárátì kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí òkúta bá ń tóbi, nígbà tó jẹ́ pé rúbì kárátì méjì tó dára ń wọ́n ju ìlọ́po méjì ti kárátì kan lọ dáadáa.

Mo tún san àfikún kí wọ́n lè sọ ibi tí rúbì náà ti wá. Èrò àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ni ìdáhùn yẹn, ilé àyẹ̀wò méjì sì lè má fẹnu kò lórí rẹ̀. Àfikún yẹn bá a mu fún òkúta tó tóbi, tó mọ́, tí iná kò sì kàn. Fún irú tèmi, n kò ní san án mọ́. Ohun tí wọ́n ti ṣe sí òkúta náà ni kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n bá yín wádìí.