Quilt ẹ̀bùn: ká ta á ní kókó ni, àbí ká fi ọwọ́ rán an?

Ká ní ègé ánkárá aṣọ ẹbí lẹ ti rán pọ̀, tí ẹ fẹ́ fi ta ìyàwó tuntun lọ́rẹ. Ìpele mẹ́ta ni quilt, aṣọ ìbora alábùlẹ̀ yìí: ojú rẹ̀, òwú àárín (bíi ti inú ìrọ̀rí) àti ìtẹ́dìí (aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀). Kí wọ́n má yẹ̀ lórí ara wọn niṣẹ́ tó kù.

Kókó títa yá. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó ní òwú ìránṣọ tó nípọn gún un wọlé, ẹ fà á jáde, ẹ ta kókó ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ gé ìrù rẹ̀ ku íǹṣì 1. Ẹni mẹ́rin pẹ̀lú àwàdà lè ṣe kékeré tán lọ́sàn-án kan. Bí kókó bá jìnnà síra ju íǹṣì 4 lọ, òwú àárín lè ṣù jọ nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Ọwọ́ rírán lè gba oṣù. Ọ̀jáfáfá ń rán ojú abẹ́rẹ́ 8 sí 10 nínú íǹṣì 1. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kó wá 5 tó dọ́gba. Àmọ́ ẹ lè fi ìlà òwú kọ orúkọ ìyàwó, kókó ò lè ṣèyẹn. Èmi á yan èyí fún ìgbéyàwó, bí àyè bá wà.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ fọ ánkárá kẹ́ ẹ tó gé e: àwọ̀ pupa lè ṣí sára aṣọ tó kù.